Ìwé Ìdánrawò Òǹkà Róòmù tí Mo Rà fún Ọmọ Mi: Ibi tó Dára àti Ibi tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lórí òǹkà Róòmù padà wálé, mo rí i pé ó kọ 18 báyìí: IIXX. Olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé e, kò sì sọ ìdí. Ìyẹn ló gbé mi dé ilé ìtàwé kan ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ra ìwé ìdánrawò kékeré kan tó dá lórí òǹkà yìí nìkan ní 1,500 náírà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi lò ó, lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún àwọn òbí tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ.

Ibi tí ìwé náà ti gbayì jù lọ ni ọ̀nà tó gbà ń tú nọ́ńbà palẹ̀. Lẹ́yìn tó ti fi àwọn lẹ́tà méje náà han ọmọ, ìyẹn I fún 1, V fún 5, X fún 10, L fún 50, C fún 100, D fún 500 àti M fún 1,000, kò ní kí ọmọ há gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 100 sórí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún wa nígbà tiwa. Ohun tó ní kí ó ṣe ni pé kí ó ya ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá-mẹ́wàá àti ẹyọ sọ́tọ̀, kí ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó tó wá so wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ 1994, M ni 1,000, CM ni 900, XC ni 90, IV ni 4. Bí a bá kó wọn jọ, ó di MCMXCIV. Bí ipò kan bá ṣófo, kò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀, nítorí pé òǹkà Róòmù kò ní òdo. CDV ni 405. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ mi ti ń kọ ọdún tí wọ́n bí gbogbo wa nínú ilé.

Àmọ́ nígbà tí ìwé náà dé orí yíyọ nọ́ńbà, ó kàn sọ pé bí lẹ́tà kékeré bá ṣíwájú lẹ́tà ńlá, kí a yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó sì kọjá lọ. Àlàyé yìí kò tó fún ọmọ tó ń ka nọ́ńbà ní èdè Yorùbá, nítorí pé yíyọ ti wà nínú etí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Méjìdínlógún là ń pe 18, ìyẹn ni pé a yọ méjì nínú ogún. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni 49, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sì ni 99. Ohun tí ọmọ mi gbọ́ ló kọ sílẹ̀, kò sì sí ohun tó máa dí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ IL fún 49 àti IC fún 99. Ó yẹ kí ìwé náà sọ ọ́ kedere pé yíyọ mẹ́fà péré ló wà: IV, IX, XL, XC, CD àti CM. Inú V àti X nìkan ni a ti ń yọ I, inú L àti C nìkan ni a ti ń yọ X, inú D àti M nìkan ni a ti ń yọ C, lẹ́tà kan ṣoṣo la sì ń yọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí 18 fi jẹ́ XVIII, tí 49 jẹ́ XLIX, tí 99 sì jẹ́ XCIX.

Mo tún sọ ohun kan fún un tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ wa mọ̀. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ fúnra wọn máa ń pe 18 ní duodeviginti, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì dín nínú ogún, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pè é. Lórí òkúta ìrántí Marcus Caelius, ọ̀gá ọmọ ogun tó kú sí ogun tí Varus, ọ̀gágun Róòmù, jà ní Jámánì ní ọdún 9 Sànmánì Kristẹni, XIIX ni wọ́n kọ fún nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, ìyẹn 18. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́ èyí, ara rẹ̀ yá, nítorí ó mọ̀ pé àṣìṣe òun kì í ṣe ti òpè.

Àléébù tó dùn mí jù lọ wà lẹ́yìn ìwé, ní ibi ìdáhùn, níbi tí wọ́n ti tẹ IL fún 49. Ọmọ tó bá gba XLIX máa rò pé òun ti kùnà. Ìwé náà kò sì sọ nǹkan kan nípa IIII tó wà lójú ọ̀pọ̀ aago, títí kan aago pálọ̀ wa, èyí tí ọmọ mi bi mí léèrè ní ọjọ́ kejì gan-an. Mo ṣàlàyé fún un pé kíkọ bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́, pé LIIII ṣì wà lára ẹnu ọ̀nà kan ní Colosseum, gbọ̀ngàn ìwòran àtijọ́ ní ìlú Róòmù, fún 54, pé IV ló wà lójú aago Big Ben ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n pé IV ni kí ó máa kọ nínú ìdánwò.

Orúkọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Inú mi ì bá dùn ká ní wọ́n fi Ọọ̀ni Ọ̀jájá II tàbí Aláàfin Adéyẹmí III tó ti wàjà kún un, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ wa ti ń kọ́kọ́ rí òǹkà yìí nínú ìròyìn. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, nítorí náà pẹ́ńsù ni kí ẹ fún ọmọ, kì í ṣe bírò.

Mo gba òbí tí ọmọ rẹ̀ ti mọ ipò nọ́ńbà dé ẹgbẹ̀rún níyànjú pé kí ó rà á. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ́n kò ní jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí ẹ tó fà á lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé ìdáhùn, kí ẹ fagi lé IL, kí ẹ sì kọ XLIX sí i.