Ẹ ṣọ́ra fún ilé oní-púùlù tí wọ́n da omi sí ní ìdájí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wá wò ó

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń wá ilé rà láti Ikoyi dé Lekki, Ajah àti Sangotedo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ èyí kí ẹ tó fi owó sílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ilé tí púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ bí ẹni pé tuntun ni. Gbájúẹ̀ oríṣi méjì ni wọ́n ń lò. Bí púùlù bá ń jò, wọ́n á pe tánkà omi ní ìdájí, wọ́n á bu omi kún un dé ẹnu, wọ́n á da kilorín, oògùn tó ń fọ omi mọ́, sí i. Kí ẹ tó dé ní aago mẹ́wàá, ó ti ń dán gbinrin. Bí jíjò rẹ̀ bá sì ti kọjá ohun tí tánkà lè bò, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, wọ́n á ní, "Nítorí yín la ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́."

Ti àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n fi mú àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀. Ilé yàrá mẹ́rin ni, lẹ́yìn Ajah, púùlù mítà 8 sí 4 wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó kọ́ ilé náà fúnra rẹ̀ ló mú wọn yí ká tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Wọ́n sanwó tán, wọ́n kó wọlé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Wọ́n pè é, ó ní oòrùn ló ń fà á. Oòrùn Èkó a máa fa omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mílímítà díẹ̀ ni lójúmọ́. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni tiwọn ń fi lọ sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nínú púùlù tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan péré jẹ́ lítà 320, mẹ́wàá jẹ́ lítà 3,200. Ní ọjọ́ mẹ́ta, omi tánkà onílítà 10,000 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ tán. Mẹ́gáàdì ilé kejì ló wá ta wọ́n lólobó pé gbogbo ìgbà tí ẹni tó fẹ́ ra ilé bá ń bọ̀ ni tánkà máa ń ṣáájú rẹ̀ dé.

Owó omi kọ́ ló dùn mí jù. Omi tó ń jò yẹn ń lọ síbì kan. Yanrìn ni wọ́n fi dí ilẹ̀ náà, omi sì ń fọ yanrìn ọ̀hún lọ díẹ̀díẹ̀. Íntálọ́ọ̀kì tó yí púùlù ká ti rì, ògiri ẹ̀yìn ti ń sán. Nígbà tí wọ́n pe ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì, èsì rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n ṣe rà á. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nípa púùlù nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.

Korobá kan ti tó láti tú àṣírí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lé orí àtẹ̀gùn inú púùlù, ẹ bu omi púùlù sí i títí omi inú rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ti ìta. Ẹ fàmì sí inú korobá, ẹ fàmì sí ìta rẹ̀. Ẹ pa páǹpù tó ń yí omi púùlù po. Ẹ sì ti ẹ̀rọ tó ń bu omi kún púùlù fúnra rẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń ṣí i sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kí ojú omi má baà yẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ohun tí oòrùn bá fà nínú korobá ló fà nínú púùlù, torí náà bí ti púùlù bá lọ sílẹ̀ ju ti korobá lọ, ó ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ tan páǹpù, kí ẹ tún un ṣe. Tó bá ti wá yára sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé páìpù tó ń dá omi padà ló ń jò. Bí omi bá sì lọ sílẹ̀ dé ibi iná inú púùlù tó dúró síbẹ̀, ibi iná yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí òjò bá rọ̀ láàárín wákàtí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ẹni tiyín sùn síbẹ̀ mọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á rò pé ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó lè pe tánkà ní ìdájí lè pè é lóru.

Ohun kan tún wà tí kì í tètè yé èèyàn. Lásìkò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ ga ní agbègbè yìí, ó lè máa ti omi púùlù padà, kí jíjò má hàn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú. Nítorí náà, bí ẹ bá dán an wò ní oṣù kẹfà tó yege, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ pátápátá.

Púùlù gbígbẹ ni mo tún fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù. Irà ni ọ̀pọ̀ ibi ní Lekki tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ ti kan omi. Omi tó wà nínú púùlù wà lára ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́n ọn gbẹ lásìkò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ lè gbé gbogbo kọnkéré náà léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Kò tiẹ̀ nílò kó fò jáde. Ìwọ̀n ìka méjì ti tó láti já páìpù abẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo etí rẹ̀ yípo. Ṣé apá kan ga ju ìkejì lọ? Ṣé wọ́n fi símẹ́ńtì tuntun dí àlàfo láàárín etí rẹ̀ àti ilẹ̀ ìta? Táìlì kan tó sán kì í ṣe bàbàrà, ṣùgbọ́n ìlà kan tó la táìlì púpọ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara kọnkéré ló ti wá. Ní kí wọ́n bu omi sí i, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó padà wá pẹ̀lú korobá yín. Ẹni tó ń ta ilé ni kó san owó omi náà.

Ẹ bi wọ́n pé omi ibo ló wà nínú rẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ níbòmíì lápá ibẹ̀ ní irin nínú, bí kilorín bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á di ti ìpẹtà. Omi tánkà tó mọ́ lè má jẹ́ kí ẹ rí i.

Kí wọ́n tan páǹpù fún wákàtí kan gbáko lójú yín. Ihò tó ń fa omi ní ìsàlẹ̀ yẹ kó ju ẹyọ kan lọ, kí ìdérí wọn sì pé, nítorí ihò kan ṣoṣo lè fa irun tàbí ara ọmọdé mọ́lẹ̀. Ẹ mú oníná tiyín lọ, kó rí i pé iná inú omi kò gba iná 220 fọ́ọ̀tì tààrà.

Ní ti ìwé, ẹ ní kí wọ́n mú àwòrán ilé tí LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fún ni láṣẹ ìkọ́lé, fọwọ́ sí wá, kí ẹ wò ó bóyá púùlù wà nínú rẹ̀. Kí lọ́yà yín kọ púùlù, páǹpù àti páìpù sínú àdéhùn, kí apá kan owó sì wà lọ́wọ́ lọ́yà títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Bí olùtà bá kọ̀ kí korobá sùn mọ́jú, ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ tí omi ń lọ sílẹ̀, ẹ má gbà kí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ lásìkò òjò pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ẹ ya fọ́tò àmì ojú omi lójoojúmọ́, ẹ kọ déètì sí i, kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà sí wọn. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé ẹ̀sùn náà lọ sí LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀.