Core 4 la sanwó rẹ̀ nínú 16: ojú tí mo fi rí láísẹ́ǹsì sub-capacity

Ó ti lé lọ́dún kan tá a ti ń lo láísẹ́ǹsì tí IBM ń pè ní sub-capacity (kéèyàn sanwó kìkì agbára sáfà tí sọ́fíwía wọn lè lò, kì í ṣe ti gbogbo sáfà) ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Sáfà Power9 tòkunbọ̀ ni tiwa, prósẹ́sọ̀ méjì, core 16 (core ni ẹ̀ka inú prósẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an). WebSphere, sọ́fíwía IBM tá a rà, ló ń gbé iṣẹ́ àwọn tó ń yáwó àtàwọn tó ń dájọ lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá owó lé e fún wa ka gbogbo core náà. PVU, òṣùwọ̀n tí IBM fi ń ṣírò owó, 70 rẹ̀ ni core kan lórí irú sáfà yìí, àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 1,120. Mọ̀mí akáńtì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣé gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó là ń rà á fún ni?"

A ti pín sáfà náà sí LPAR, ìyẹn àwọn sáfà kéékèèké tó dá dúró nínú ńlá kan. Márùn-ún nínú wọn ló ń lo WebSphere, virtual processor wọn (iye core tí wọ́n lè lò) lápapọ̀ sì jẹ́ 12. Ká ní a fi wọ́n sílẹ̀ ní uncapped, láìní òté, bẹ́ẹ̀, core 12 là bá san. A kó márààrún sínú shared processor pool kan, níbi tí wọ́n ti jọ ń pín core lò, a sì fi òté lé e ní core 4. Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta l'Ọjà Ọba: abọ́ ata lè tò dé títì, ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ náà lẹ máa kà. Láàárọ̀, àwọn kaṣíà ló ń lo core mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá dalẹ́, ìṣirò èlé gbà á. PVU 280 la san.

Àmọ́ IBM fẹ́ kẹ́ ẹ gbé ILMT, sọ́fíwía wọn tó ń ka core tẹ́ ẹ̀ ń lò, kalẹ̀ láàárín 90 ọjọ́, kẹ́ ẹ máa yọ ìròyìn rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 2. Ọ̀fẹ́ ni o, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bá a jà. Ẹ̀bi mi nìyí: mo gbé e sórí sáfà kékeré tí kò sí lórí inverter. Iná lọ, iná dé, kò sẹ́ni tó rántí tàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Bẹ́ ò bá sì rí ìròyìn fi hàn lọ́jọ́ àyẹ̀wò, gbogbo core 16 ni wọ́n lè kà fún yín. Mi ò fojú ba oorun lóru ọjọ́ tí mo rí i.

Bó bá jẹ́ LPAR kan ṣoṣo lẹ ní, tẹ́ ò sì lẹ́ni tó máa jókòó tì í, ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu. Fún tiwa, mo fún láísẹ́ǹsì yìí ní máàkì 4 nínú 5.

Oṣù Kejìlá ń bọ̀, èrò á pọ̀, core 4 lè má tó. Iye tó ga jù ni ILMT sì ń kọ sílẹ̀. Bá a bá sún pool sí 5 fún ọjọ́ kan péré, 5 ló máa gbé. Àfi ká ra ìkarùn-ún kó tó dìgbà náà. Mo ti gbé e dé iwájú Mọ̀mí, wọn ò tíì dáhùn.