Ẹ ṣọ́ra o! Ayédèrú ìtàn ni wọ́n fi ta Jaguar E-type 1961 fún mi

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bíi tèmi, gbájúẹ̀ kan ti wọ àárín wa. Jaguar E-type ọdún 1961 ló ń tà. Ó máa ń gbé fáìlì ìtàn tó nípọn tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, gbogbo ohun tó sì wà nínú fáìlì yẹn ló bá ohun tí ẹ ti ń wá mu rẹ́gí. Ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má san àsansílẹ̀. Owó tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ló bá a lọ, inú sì ń bí mi débi pé mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ tí mo tún pa á rẹ́, torí pé èébú ló kún inú rẹ̀.

Agbẹjọ́rò ní kí n má tíì dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ. Ẹni tó bá ti bá a sọ̀rọ̀ rí á mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, kì í kánjú, kì í dààmú èèyàn pé kó wá sanwó. Òun gan-an ló máa ń sọ pé, "Ẹ lọ wádìí dáadáa kí ẹ tó dá mi lóhùn." Ẹ gbọ́ o, ọ̀daràn ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Fún ẹni tí kò bá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ E-type 1961 fi ń gbóná: oṣù Kẹta ọdún 1961 ni Jaguar gbé ọkọ̀ náà jáde ní Geneva, nígbà tí wọ́n sì fi máa dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1974, ó ti lé ní 70,000. Nínú gbogbo wọn, nǹkan bí 500 péré tó kọ́kọ́ jáde ló ní kọ́kọ́rọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níta, tó jẹ́ pé irin kékeré tó rí bíi lẹ́tà T lèèyàn máa ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó tó lè ṣí i. Ilẹ̀ inú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ 1962 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kòtò tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ sí i. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó jó o mọ́ ọn. Àwọn tó dé lẹ́yìn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní ojúlówó nínú àwọn àkọ́kọ́ yẹn ní dúkìá. Ìdí nìyẹn tí olè fi ń ràdọ̀ bò wọ́n.

Ó pẹ́ tí àwa kan ti ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ló ṣì wà, èwo ló jóná, èwo ni wọ́n tú palẹ̀, ta ló kọ́kọ́ ni ín. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. À ń kọ lẹ́tà sí àwọn arúgbó tí bàbá wọn ní ọ̀kan nígbà kan, à ń tú ìwé ìròyìn àtijọ́, à ń fi gíláàsì wo nọ́ńbà ọkọ̀ nínú fọ́tò ìgbéyàwó. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé èmi ni mò ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. A mọ ẹni àkọ́kọ́ tó ni ín, a mọ ẹnì kejì, ṣùgbọ́n láti 1966 kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ síta, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tó wọlẹ̀ sí pé kó jọ̀ọ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti rí mi, ẹnì kan láàárín wa ló sì mú mi mọ̀ ọ́n.

Ó ní ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ òun. Ó ní inú abà ni òun ti gbé e jáde, lẹ́yìn ikú ẹni tó ni ín, àti pé àwọn ọmọ olóògbé kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún òun. Mo ṣì ń rí fáìlì yẹn lójú mi títí di ìsinsìnyí. Ìwé ọkọ̀ wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kó àkọsílẹ̀ gbogbo ọkọ̀ jọ sí ìlú Swansea, òǹtẹ̀ sì wà níwájú orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tó ti ni ọkọ̀ náà. Ríṣíìtì mẹkáníìkì wà níbẹ̀, ọ́ìlì dúdú ti ta sí i lára. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí obìnrin kan gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ihò kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn kedere lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Fọ́tókọ́pì sàtífíkéètì Jaguar Daimler Heritage Trust, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí Jaguar ṣe, náà wà níbẹ̀. Láti 1966 lọ, àlàfo tí kì í jẹ́ kí n sùn, fáìlì yìí dí i pátápátá. Kò ku ọdún kan.

Ṣé ó yẹ kí n fura? Ó yẹ kí n fura. Mo mọ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ọ̀kánjúà ló bá mi jà. Mi ò rà á ní ọ̀pọ̀, iye tí wọ́n ń ta ojúlówó gan-an ni mo san. Mẹkáníìkì bá mi lọ, ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.8 ni lóòótọ́, ó sì dún dáadáa. Sàtífíkéètì yẹn ńkọ́? Ẹni tó bá ni ọkọ̀ ni àjọ náà ń fún, nítorí náà mi ò lè gba tèmi kí n tó rà á. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Nígbà tí a ní ká fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ rẹ̀ kó má baà dípẹtà, pé kò tíì gbẹ. Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ẹlòmíràn pé abẹ́ ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò! Ẹ̀dùn ọkàn tí mo ní lórí ìyẹn nìkan, mi ò lè sọ ọ́ tán.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀gbọ́n wa nínú iṣẹ́ ìwádìí yìí, ló kọ́kọ́ já a. Mo gbé fáìlì náà lọ bá a tayọ̀tayọ̀. Ó mú ríṣíìtì kan tí wọ́n kọ 1968 sí, ó wò ó títí, ó wá ní, "Àbúrò, wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí." Nọ́ńbà VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ló wà níbẹ̀, ó rí tín-ín-ntín. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1973 ni VAT bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì! Ẹ wo bí ẹni yìí ṣe fara balẹ̀ tó: ó rántí pé oṣù Kejì 1971 ni wọ́n pa owó ṣílè tì, ó sì kọ ríṣíìtì náà ní pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì bó ṣe yẹ. Ó rántí da ọ́ìlì sí i. Ó rántí ká a sí mẹ́rin kí ojú ibi tó ká lè gbó. VAT nìkan ló gbàgbé.

Bí a ṣe tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà kan wà tó yẹ kó jẹ́ taipúráítà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń dán bọ̀rọ́. Taipúráítà máa ń lu ìwé, pàápàá níbi àmì ìdánudúró. Ọwọ́ á bá a lẹ́yìn ìwé. Kọ̀ǹpútà ló tẹ eléyìí jáde.

Ṣùgbọ́n èyí tó fa ọkàn mi já ni ìwé ọkọ̀ yẹn. Orúkọ ẹnì kejì tó ni ọkọ̀ náà, lẹ́tà kan yẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e síta, mo sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Nínú ìwé ọkọ̀ tí wọ́n ní 1964 ni wọ́n kọ ọ́, lẹ́tà kan náà ló yẹ̀ níbẹ̀. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀! Ṣé ẹ rí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Iṣẹ́ tèmi ló kà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rí ohun tí mi ò mọ̀, ó wá jókòó, ó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mi, ó sì tà á fún mi. Gbogbo òru tí mo fi wá orúkọ wọ̀nyẹn, irinṣẹ́ olè ni mò ń ṣe láìmọ̀. Mi ò tíì rí irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọkọ̀ náà wá ńkọ́? A gbé e sókè. Nínú ọkọ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lábẹ́ ọkọ̀, kòtò ẹsẹ̀ méjèèjì yọ gọngọ. Páànù ni wọ́n tẹ́ lé e lórí, tí wọ́n jó mọ́ ọn yí ká. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde láti abẹ́: kò sí ojú ibi tí wọ́n ti jó nǹkan pọ̀ rárá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn ni, wọ́n kàn gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́ sí i ní ẹ̀gbẹ́ ni. A tú ìbòrí ẹ̀gbẹ́ ibi ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, a bá ihò ọwọ́ ìṣíbọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi nǹkan dí lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ́ńjìnnì 3.8 tí inú mi dùn sí yẹn kò fi ohunkóhun hàn, torí òun náà ni wọ́n lò títí di 1964.

Ẹ wá gbọ́ ti nọ́ńbà ṣásì. Orí férémù iwájú, lápá ọ̀tún, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára E-type, nọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi de férémù yẹn. Ẹni tó bá ní sípánà lè tú u lára ọkọ̀ kan dé òmíràn, férémù tuntun tí wọ́n ń tà kì í sì í ní nọ́ńbà kankan lára. Tèmi kì í tiẹ̀ ṣe tuntun. Nígbà tí mẹkáníìkì bó ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, a rí i pé irin náà ti rẹlẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ha nọ́ńbà àtijọ́ dànù. Bí a ṣe tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, ìrù 7 kan ṣì hàn fírífírí lábẹ́ 0 tuntun. Mo fi ọwọ́ ara mi kàn án. Nígbà tí ojúlówó sàtífíkéètì dé láti ọ̀dọ̀ àjọ náà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, nọ́ńbà gíábọ́ọ̀sì yàtọ̀, nọ́ńbà bọ́dì yàtọ̀. Àwọ̀ tí ọkọ̀ náà bá jáde gan-an yàtọ̀ sí ti fọ́tókọ́pì rẹ̀.

Mo pè é. Ó ní bí òun ṣe rà á lòun ṣe tà á, pé èmi tí mo pe ara mi ní onímọ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi! Látìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́.

Inú sì ń bí mi sí àwọn kan láàárín wa. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bẹ́ tán ni wọ́n tó ń sọ fún mi pé, "Háà, àwa náà ti gbọ́ nǹkan nípa rẹ̀." Nígbà tí ẹ gbọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀? Ta lẹ̀ ń bo àṣírí fún? Ẹni tó mú mi mọ̀ ọ́n pàápàá, mi ò mọ̀ bóyá ó gba nǹkan níbẹ̀ tàbí kò gbà. Mi ò ní ẹ̀rí, nítorí náà mo fi ẹnu mọ níbẹ̀. Àmọ́ ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu ontà kankan ò já mọ́ nǹkan kan lójú mi mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn olóòótọ́ wà nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí ìwé àti irin sọ̀rọ̀ fún yín.

Ohun tí mo lè sọ kíákíá nìyí. Ẹ má ra ọkọ̀ tí wọn ò jẹ́ kí ẹ rí abẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀dà ló ní kò tíì gbẹ tàbí òjò ló ń rọ̀. Kí ontà fi orúkọ ara rẹ̀ béèrè sàtífíkéètì tuntun, kó dé lójú yín, fọ́tókọ́pì kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ fi wé e, ẹ má fi ti ṣásì nìkan mọ. Ríṣíìtì tó bá ní VAT ṣáájú 1973, ẹ dìde níbẹ̀. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèwádìí, ẹ má kọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ síta mọ́. Ẹ fi nǹkan kan pa mọ́ sọ́wọ́ nípa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè fi dán ẹni tó bá ní ó wà lọ́wọ́ òun wò.

Mo ń kọ èyí lónìí nítorí pé ọkùnrin yìí tún ti gbé òmíràn jáde. Èyí jẹ́ oníbòrí irin, 1961 náà ló pè é, inú abà náà ló ní ó ti wá, fáìlì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ti fi fọ́tò ríṣíìtì kan ránṣẹ́ sí mi láti inú rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni, ibi tí wọ́n ká a sí kan náà ni. Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀ lórí ọkọ̀ yẹn, kó lọ bá báńkì rẹ̀ lónìí kí wọ́n dá owó náà dúró, kó má kìlọ̀ fún ọkùnrin náà, kó sì kọ̀wé sí mi. Gbogbo ìwé tèmi wà nílẹ̀, màá fi ránṣẹ́ kó lè fi wé tiẹ̀.