Kòkó tàbí sóbò fún ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbajúmọ̀ fún kòkó, síbẹ̀ sóbò tútù ni ará Àkúrẹ́ ń rà lẹ́bàá títì tí oòrùn bá mú. Èwo ló ṣe wá lóore jù?

Èròjà flavanol inú kòkó máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, àwọn àgbàlagbà ń lo mílígíráàmù 500 rẹ̀ lójúmọ́. Àrùn ọkàn lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n ikú tó ń tipa rẹ̀ wá fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Oògùn oníhóró ni wọ́n lò o, kì í ṣe ṣokoléètì! Yíyan kòkó, àti kẹ́míkà tí ilé-iṣẹ́ fi ń pa kíkorò rẹ̀, máa ń dín flavanol kù.

Ti sóbò, ìsápá pupa ni. Lọ́dún 2010, àwọn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀ kópa nínú ìwádìí kan. Àwọn tó mu ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i pé nọ́ńbà òkè nínú méjì tí wọ́n fi ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí 7.

Sóbò ni èmi máa mú, àmọ́ èyí tí a kò da ṣúgà sí. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi dókítà rẹ̀ ná.