Oṣù mẹ́fà ní lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí bírò pupa ṣe fún ọmọ mi

Ìwé ìdánwò kan ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, SS2 ló wà nígbà náà, gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wálé, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há àárín ìwé Bàọ́lọ́jì kí n má baà rí i. Máàkì 14 nínú 50 ni wọ́n fún un lórí àròkọ. Mo yí ìwé náà síwá, mo yí i sẹ́yìn, tísà kò kọ nǹkan kan sí i ju iye máàkì lọ, àti "Poor. Sit up." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mọ́mì, èmi gan-an ò mọ̀." Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tí mo wá rò ó, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ta ló sọ fún un?

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn níbí. Oníbàárà mi kan ló júwe lẹ́sìn yìí (kíláàsì àfikún lẹ́yìn ti ilé ìwé) fún mi, ó ní ibẹ̀ làwọn ọmọ òun méjèèjì ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀, òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ràn án lọ́wọ́. ₦18,000 lóṣù. Wọ́n ń ṣe kíláàsì láàárọ̀ Sátidé láti aago mẹ́sàn-án di aago méjìlá, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Oṣù mẹ́fà lọmọ mi lò níbẹ̀ kó tó kọ WAEC. Mo ti sanwó lẹ́sìn bíi mẹ́ta ṣáájú èyí tí mi ò rí nǹkan kan dì mú, torí náà mo ṣọ́ wọn lójú méjèèjì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá (bí gbogbo àwọn ọmọ ṣe ń pe tísà àgbà náà nìyẹn) kò kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé wọn nípa omi tí kò sí nínú ọgbà, ó gba ìwé wọn, ó ní ó dàárọ̀. Nígbà tí ìwé padà ní Sátidé kejì, àyà mi já. Gbogbo ibi tí àṣìṣe wà ni Bàbá fi bírò pupa yí ká. Òdo pupa lọmọ mi ń pè é. Mo jókòó, mo kà wọ́n: 31, lórí ojú ìwé méjì péré. Àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ̀wé sí, kò kọ ọ́ rárá. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó yẹ kó kọ "Yours faithfully", "Your's faithfuly" ló kọ. Òdo méjì nínú ọ̀rọ̀ méjì.

Bàbá pe àwa òbí jókòó lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣàlàyé bí WAEC ṣe ń máàkì àròkọ. Nínú 50 náà, 10 wà fún ohun tí ọmọ ní láti sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe já gaara tó, 10 tó kù sì wà fún sípẹ́lì, gírámà, kọ́mà àti àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú 10 ìkẹyìn yìí ni wọ́n ti ń yọ ààbọ̀ máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mò ń fi ọ̀pá wọn aṣọ, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ kíákíá: àṣìṣe ogún ti jẹ 10 náà tán. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tèmi ní! Ó tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń san owó ilé ìwé gírámà, ọjọ́ yẹn ni ẹnìkan kọ́kọ́ fi hàn mí ibi tí máàkì ọmọ mi ń jò gbà.

Kò tíì tán o. Dandan ni kí ọmọ tún lẹ́tà kan náà kọ, kó so ògbólógbòó mọ́ tuntun, kó gbé méjèèjì wá. Lẹ́ẹ̀mẹta ni tèmi kọ lẹ́tà omi yẹn. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó ti sú òun. Nígbà kẹta, òdo pupa ti di méje.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Yorùbá ni Bàbá fi ń ṣàlàyé gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìwé ọmọ mi ń gba ₦50 lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, mo sì ti rò pé ohun tó tọ́ nìyẹn. Bàbá ní rárá o, ọmọ tó ń ronú ní Yorùbá láìmọ̀ ló ń ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́ kó mọ̀. Ó mú gbólóhùn kan nínú ìwé ọmọ mi, "I heard the smell of the gutter", ó ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. "Mo gbọ́ òórùn gọ́tà." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Etí là ń fi gbọ́ òórùn lédè tiwa, Gẹ̀ẹ́sì kò fi etí gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "borrow me your biro": "yá" kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, lend fún ẹni tó fúnni, borrow fún ẹni tó gbà. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé "My father said they are coming", nítorí kò lè sọ pé "ó ń bọ̀" fún bàbá rẹ̀. Ọmọ tó mọ ọmọlúàbí, àmọ́ máàkì lọ. Ọ̀rọ̀ "ó" ni wọ́n lo odindi Sátidé kan lé lórí, torí ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga, "ó" ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń kọ "my mother and his shop". Tèmi gan-an ló kọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa náà kì í yí padà: mo lọ lánàá, ó máa ń lọ, wọ́n ti lọ. "Lọ" dúró bó ṣe wà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pààrọ̀ aṣọ fún un níbi gbogbo, went, goes, gone.

Òbí kan bínú sí i, ó ní Yorùbá kọ́ lòun sanwó fún. Bàbá sọ fún un nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ lọ́wọ́ tísà tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ti ẹgbẹ́ wọn. Òbí yẹn dákẹ́, àmọ́ kò mú ọmọ rẹ̀ wá mọ́.

Bó ṣe ń kọ́ wọn ní summary (kíkọ kókó ohun tí wọ́n kà ní ṣókí) náà wú mi lórí. Ọmọ mi ti mọ́ ọn lára láti máa da gbólóhùn inú ìwé kọ bó ṣe wà, èyí tí kì í gba máàkì. Bàbá á ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí oníkálùkù ròyìn ohun tó kà fún ẹnì kejì bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí káàdì fẹ́ tán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó mú bírò.

Ibi tó ti dùn mí wá ńkọ́? Ọmọ 14 ni wọ́n nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, wọ́n ti di 26, ìwé tó ń padà lọ́sẹ̀ kan wá ń padà lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ orí WhatsApp bọ́ sọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́, òun sì rèé, àtàǹpàkò àti "Good effort" ló ń fi ránṣẹ́. Kí nìyẹn fi yàtọ̀ sí "Sit up" tí mo sá fún? Mo lọ bá Bàbá, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó pín wọn sí kíláàsì méjì, nǹkan sì rọrùn díẹ̀ títí oṣù kẹfà fi pé.

Olùrànlọ́wọ́ yìí kan náà ló fún wọn ní àwọn gbólóhùn àkọ́sórí. Fún bí oṣù kan, gbogbo àròkọ ọmọ mi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "It is with great pleasure and a heart full of joy", títí kan èyí tó kọ nípa ìjàǹbá ọkọ̀. Bàbá fi òdo ńlá kan yí i ká, ó kọ "Ìjàǹbá wo ló dùn?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oral English wọn kò dáa, mi ò ní purọ́. Fóònù kan tó ń ha ni wọ́n fi ń gbé ohùn jáde fún ọmọ 26. Ọmọ Yorùbá tí "i" kan ṣoṣo wà lẹ́nu rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀ "ship" àti "sheep" níbẹ̀?

B3 lọmọ mi ní nínú WAEC. Mo gbé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní JSS3 lọ náà, lẹ́yìn oṣù méjì ni Bàbá dá a padà, ó ní, "Ẹ má fowó yín ṣòfò. Ọmọ yìí kì í kàwé. Ẹ ra ìwé ìtàn fún un, kó kà á fún ọdún kan, kẹ́ ẹ tó mú un wá." Tísà mélòó ló ń kọ owó òbí sílẹ̀ báyẹn?

Tí ọmọ yín bá wà ní SS1 tàbí SS2, ó tó owó yẹn o, mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tó bá ku oṣù kan sí WAEC, ẹ fi sílẹ̀, kò sí àyè láti tún nǹkan kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ọmọ kan tí wọ́n ti máàkì hàn yín, kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe pupa tó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ mẹ́séèjì sí oníbàárà mi kan, "Good morning ma, your cloth have arrive." Ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, òdo méjì. Ẹ ti pàdánù máàkì kan."