Apá Fíláàṣì Mẹ́ta Tí Mo Fi Ya Fọ́tò Kòkòrò, àti Èyí Tí Mo Mú Nínú Wọn

Ó ti lé ní ọdún 4 tí mo ti ń ya fọ́tò àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, pàápàá jù lọ eṣinṣin, aláǹtakùn àti lámilámi, kò sì sí ohun èlò tó pẹ́ mi láti yàn tó apá irin tí a fi ń gbé fíláàṣì, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní bùráákẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti lo kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì kan náà pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò sì rí ẹni bi léèrè. Ní ti bùráákẹ́ẹ̀tì, irin lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí, wọn a sì ra èyí tí ojú wọn bá kọ́kọ́ bà lé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ra ẹ̀kẹta tí mo ń lò títí di òní.

Òjìji ló lé mi dé ìdí ohun èlò yìí. Lẹ́ǹsì tí mo ń lò jẹ́ ti 100mm, ó sì lè ya kòkòrò débi pé bí kòkòrò náà ṣe tóbi tó gan-an ni àwòrán rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó lójú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, èyí tí à ń pè ní ìwọ̀n 1:1. Kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ kòkòrò náà títí yóò fi ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Bí fíláàṣì bá jókòó sórí kámẹ́rà níbi tí wọ́n ṣe fún un, ẹ̀yìn lẹ́ǹsì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀, lẹ́ǹsì yóò sì dí i lọ́nà, tí ìsàlẹ̀ fọ́tò yóò fi ṣú dùdù. A kò sì lè yẹra fún fíláàṣì. Bí mo bá fi ojú lẹ́ǹsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí f/11 ní ìwọ̀n 1:1 (bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ṣe kéré tó), ibi tó máa hàn ketekete lára kòkòrò náà kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé yóò dín kù bí ẹni pé f/22 ni mo lò. Ojúmọmọ nìkan kò lè tó ẹni tó fi ọwọ́ gbé kámẹ́rà. Fíláàṣì tó ń ṣiṣẹ́ ní agbára kékeré ní tirẹ̀ lè tàn kí ó sì kú kí ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá tó pé, èyí tí kò ní jẹ́ kí gbígbọ̀n ọwọ́ tàbí ti ewé hàn nínú fọ́tò rárá.

Bùráákẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ ọ̀pá tó ṣeé tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọrùn ejò, tí a dè mọ́ irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ kámẹ́rà. Ó fúyẹ́, ó sì wù mí nítorí pé kò sí ibi tí n kò lè darí fíláàṣì sí. Ṣùgbọ́n fíláàṣì mi pẹ̀lú bátìrì 4 inú rẹ̀ lé ní 400 gíráàmù, ọrùn náà kò sì lè ru ẹrù yìí. Bí mo bá tò ó tán lórí tábìlì, yóò dúró. Bí mo bá rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, yóò ti máa sọrí kọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá lámilámi kan lórí koríko, tí ìrì bò ó láti orí dé ìrù, tí òtútù kò sì jẹ́ kí ó lè fò. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í wá lójoojúmọ́. Mo ya nǹkan bí fọ́tò 40, mo sì rò pé gbogbo wọn ni yóò dára. Nígbà tí mo délé tí mo wò wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé láti nǹkan bí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni ọrùn náà ti ń rọ̀ wálẹ̀ láìjẹ́ pé mo fura, débi pé nínú àwọn tó kẹ́yìn, koríko iwájú ló gba ìmọ́lẹ̀, tí ojú lámilámi sì wà nínú òkùnkùn. Ó dùn mí gidigidi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ti ibi tí apá kan lè nà dé ṣe mọ́, bí kò ṣe bóyá yóò dúró síbi tí mo gbé e sí.

Mo yá fíláàṣì olóbìírí tí a ń dè yí ẹnu lẹ́ǹsì ká fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé kò nílò apá kankan. Òjìji kò sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àmì òrùka funfun sì ń hàn lójú gbogbo kòkòrò tó ń dán. Mo dá a padà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo rà jẹ́ irin gbọọrọ tó gba abẹ́ kámẹ́rà kọjá tó sì dìde ní ẹ̀gbẹ́ òsì bí igun ilé. Ní ti dídúró ṣinṣin, n kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Àmọ́ fún yíya fọ́tò ènìyàn ni wọ́n ṣe é: ẹ̀gbẹ́ ara kámẹ́rà ni ó gbé fíláàṣì sí, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí kòkòrò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi ìlọ́po 2 jìnnà sí ohun tí à ń yà, ìdá kan nínú 4 agbára rẹ̀ ni yóò kù lórí ohun náà. Èyí ni pé fíláàṣì mi ní láti fi ìlọ́po 4 ṣiṣẹ́ ju bí ì bá ti ṣe ní sẹ̀ǹtímítà 15, títàn rẹ̀ ń pẹ́ sí i, bátìrì ń tètè tán, mo sì ń dúró pẹ́ kí ó tó ṣe tán láti tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Yàtọ̀ sí èyí, bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá ṣe jìnnà tó ni yóò ṣe kéré tó lójú kòkòrò, ìmọ́lẹ̀ kékeré sì máa ń le: ẹ̀yìn eèrà á kàn ní àmì funfun kan ṣoṣo, gbogbo ìyókù á sì ṣú.

Ẹ̀kẹta, èyí tí mo yàn, ní apá kúkúrú méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12, pẹ̀lú oríkèé 3 tó rí rogodo bí bọ́ọ̀lù. Ìdè ti oríkèé kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án bẹ́ẹ̀. Oríṣi mìíràn wà tí ìdè kan ṣoṣo láàárín máa ń ti gbogbo oríkèé pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yá láti tò, ṣùgbọ́n bí o bá tú u láti yí orí fíláàṣì padà díẹ̀, gbogbo apá náà ni yóò já lulẹ̀, bóyá sórí kòkòrò tí o ti ń rọra sún mọ́ láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Ní ti èmi, mo lè tú oríkèé òkè nìkan, kí n tẹ fíláàṣì síwájú díẹ̀, kí n sì tì í padà láìgbé ojú kúrò lójú kámẹ́rà.

Ọrùn tí wọ́n ṣe sí lẹ́ǹsì, ìyẹn òrùka tó yí i ká tí a fi ń gbé e sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (ìdúró kámẹ́rà), ni mo dè é mọ́, kì í ṣe abẹ́ kámẹ́rà. Bí mo bá fẹ́ fi kámẹ́rà dúró lóòró, mo kàn máa tú ọrùn náà díẹ̀, kámẹ́rà yóò yí, fíláàṣì yóò sì wà lókè níbi tó wà. Kì í ṣe gbogbo lẹ́ǹsì ló ní irú ọrùn yìí, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ rà wo ti lẹ́ǹsì rẹ̀ ná. Kí ó tún wo bóyá lẹ́ǹsì náà máa ń gùn síwájú nígbà tó bá sún mọ́ nǹkan, torí èyí tó ń gùn lè lọ kọ lu ìbòrí tó ń mú ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì rọ̀. Ohun mìíràn ni sikúrù abẹ́ rẹ̀. Sikúrù 1/4 ínǹṣì kan ṣoṣo kò lè dá apá tó gbé fíláàṣì dúró kó má yí, bó ti wù kí a fún un tó. Pátákó irú ti Arca-Swiss, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń so kámẹ́rà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ní ètè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo fi sí i, yíyí náà sì dópin.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ibi tí fíláàṣì ń wọ̀ jẹ́ ọ̀rá líle nígbà tí mo rà á, ó sì sán láàárín oṣù mẹ́ta. Mo fi onírin rọ́pò rẹ̀. Eruku máa ń wọ inú oríkèé, mo sì ṣe àṣìṣe láti fi òróró sí i nígbà kan, láìrò pé híha tí irin ń ha mọ́ ara wọn ni agbára tó ń dì í mú. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi nù ún kí ó tó dúró padà. Aṣọ gbígbẹ nìkan ni mo ń lò báyìí. Wáyà tó lọ́ pọ̀ bí sípíríǹgì, tó so fíláàṣì mọ́ kámẹ́rà, pẹ̀lú máa ń fa apá náà sẹ́yìn, nítorí náà mo fi rọ́bà dè é mọ́ apá ìsàlẹ̀. Mo ti ronú nípa èyí tí kò ní wáyà, ṣùgbọ́n yóò fi kún gíga àti ìwúwo ibi tí mi ò fẹ́ kí ó wúwo sí gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kí ó mú fíláàṣì tirẹ̀ lọ pẹ̀lú bátìrì àti ìbòrí funfun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lórí rẹ̀. Kí ó na apá náà síwájú tán, kí ó fi ọwọ́ lásán ti ìdè rẹ̀, kí ó ṣàmì sí ibi tí fíláàṣì kọjú sí lára ògiri, kí ó gbọn kámẹ́rà díẹ̀, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 5. Bí àmì náà bá ti yẹ̀, kí ó má rà á.

Ẹni tó ń ya òkú kòkòrò lórí tábìlì kò nílò bùráákẹ́ẹ̀tì rárá; ọ̀pá ìdúró lásán yóò ṣe iṣẹ́ náà fún un ju èyí lọ. Àwa tí à ń rìn nínú koríko lẹ́yìn ohun tó lè fò lọ ni mo ń kọ̀wé yìí sí. Mo ti fi ọ̀dà funfun ṣàmì sára oríkèé mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí fíláàṣì lè padà sí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lókè ẹnu lẹ́ǹsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ya aláǹtakùn kan tó ń fò láti ewé sí ewé, fọ́tò 60 ó lé, ìmọ́lẹ̀ èyí tó kẹ́yìn sì bọ́ síbi kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.