Orí Dísẹ̀lì Tí Mo Gbé Sórí OS 25 LA: Ohun Tó Fún Mi, Ohun Tó Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹni tó bá ń wá eré sísá fún bàálù kékeré tí a fi ń ṣeré kó má ra orí dísẹ̀lì, ìyẹn orí tí a fi ń sọ ẹ́ńjìnnì glow di dísẹ̀lì. Mo sọ ọ́ ṣáájú kí owó ẹnikẹ́ni má bàa wọgbó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kékeré máa yí abẹ̀bẹ̀ ńlá, kí epo díẹ̀ gbé bàálù rẹ̀ pẹ́ lókè, kí ariwo rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń fò, bàálù olókùn ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí a fi wáyà méjì dì mú tí à ń yí po pẹ̀lú rẹ̀ láàrin pápá. Gbogbo ìgbà ooru tó kọjá ni mo fi lo orí yìí lórí OS 25 LA, ẹ́ńjìnnì glow kékeré mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló lè gbé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí orí náà ń ṣe. Nínú ẹ́ńjìnnì glow, plọ́ọ̀gì kan wà tí wáyà inú rẹ̀ ní platinum. Bátìrì 1.5 volt la fi ń mú wáyà náà pọ́n nígbà tá a bá fẹ́ ṣáná sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, a ó yọ bátìrì kúrò, èéfín methanol tó ń kan platinum náà àti ooru inú sìlíńdà yóò sì jẹ́ kó máa pọ́n lọ. Ray Arden ará Amẹ́ríkà ló gbé irú plọ́ọ̀gì yìí jáde fún àwọn oníbàálù kékeré ní 1947, òun ló sì mú kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ kọ́ìlì àti bátìrì wúwo tí wọ́n ń gbé fò tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lẹ́yìn ogun. Dísẹ̀lì kékeré ni wọ́n dì mú: Mills 1.3 jáde ní 1946, lẹ́yìn náà PAW ti Macclesfield náà dé. Títí di òní, ẹ lọ sí Old Warden ní Bedfordshire lọ́jọ́ tí àwọn oníbàálù àtijọ́ bá pàdé, imú yín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé dísẹ̀lì wà níbẹ̀.

Orí dísẹ̀lì máa ń lé plọ́ọ̀gì kúrò pátápátá. Písítìn kékeré kan wà nínú rẹ̀ lókè sìlíńdà, O-ring, ìyẹn rọ́bà róbótó kan, yí i ká, skúrù kan tó ní ọ̀pá ìdìmú sì tẹ̀ ẹ́ lórí. Bí ẹ bá yí skúrù náà wọlé, písítìn òkè á sọ̀kalẹ̀, àyè tí afẹ́fẹ́ ń há sí á kéré sí i, ooru rẹ̀ á pọ̀ débi pé epo á gbiná fúnra rẹ̀. Kò rí bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù o. Ọkọ̀ akẹ́rù máa ń fọ́n epo sínú sìlíńdà lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti há tán. Tiwa ń gba epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ láti ẹnu kabúrétọ̀, bó ṣe ń ṣe nígbà tó ṣì jẹ́ glow. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ da dísẹ̀lì ilé epo lásán sínú rẹ̀.

Davis Diesel Development ní Connecticut ni orúkọ tí àwọn àgbà pápá máa ń kọ́kọ́ dá bí ẹ bá bi wọ́n nípa irú orí yìí. Tèmi kì í ṣe tiwọn, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ló gé e lórí maṣíìnì rẹ̀. Iṣẹ́ irin rẹ̀ dára: kò sí ibi tó gé ọwọ́, skúrù rẹ̀ ń yí láìfì, ó sì jókòó dáadáa sórí sìlíńdà. Ohun tí mo ní sí i ni pé O-ring kan ṣoṣo ló fi sínú rẹ̀, kò sì sí ìwé ìtọ́sọ́nà kankan. Ẹni tí kò ní àgbàlagbà tó mọ dísẹ̀lì nítòsí yóò dúró lójú kan. Fífi í sí i fúnra rẹ̀ kò gba nǹkan kan: ẹ tú skúrù orí àtijọ́, ẹ nu ojú sìlíńdà mọ́, ẹ gbé tuntun lé e, kí ẹ sì máa dè é díẹ̀díẹ̀ ní igun sí igun kó má bàa tẹ̀.

Epo ló gba ìrònú. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ether tó ìdá 30 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ń tètè gbiná, nítorí nǹkan bí 160 sí 180 °C ti tó fún un láìsí iná kankan. Kẹrosíìnì, ìdá 40 sí 45, ni iṣẹ́ gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òróró lárà tí wọ́n ń pè ní kástọ̀, ìdá 20 sí 25, ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Èyí tó kù jẹ́ nitrate díẹ̀, nǹkan bí ìdá 1 sí 2, tó ń mú kí gbígbiná náà lọ déédéé. Àwọn àtijọ́ máa ń pín àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́gbọọgba, ìyẹn ṣì dára fún ẹ́ńjìnnì tuntun tó nílò òróró púpọ̀. Mo máa ń ra tèmi ní pípò tán, mo sì gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí epo náà fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kílógíráàmù kẹrosíìnì kan ní agbára ooru tó nǹkan bí 43 megajoule, methanol kò ju 20 lọ. Methanol máa ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mẹ́fà àti díẹ̀ sí ìwọ̀n epo kan, kẹrosíìnì ń fẹ́ nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ epo, èyí tí a fi ń dín epo tó ń wọlé kù tàbí bù kún un, gbọ́dọ̀ wọlé gan-an ju bó ṣe wà lórí glow lọ. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ síbi àtijọ́ á kàn máa rì ẹ́ńjìnnì sínú epo ni.

Abẹ́rẹ́ epo àti skúrù òkè wá di ohun méjì tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pọ̀, ibẹ̀ sì ni orí yìí ti ń dùn mọ́ mi jù. Mo máa ń fi ìka dí ẹnu kabúrétọ̀, mo yí abẹ̀bẹ̀ díẹ̀ kí epo lè gòkè, lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ tí mo fi ìbọ̀wọ́ bọ̀ gbá a. Bí kò bá dáhùn, mo yí skúrù wọlé díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ takú lójú kan bí ẹni pé nǹkan há a, epo ti kún inú rẹ̀: ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tú skúrù sẹ́yìn, kí ẹ rọra yí i kí epo náà lè jáde. Ẹ má ṣe gbé sítátà oníná sí i ní irú àkókò yẹn láé, epo kì í há, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráǹkì ni yóò tẹ̀.

Bó bá ti gbé e tán, etí ló kù. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná ni kì í fẹ́ ìfúnpọ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹ rọra tú skúrù títí ẹ ó fi gbọ́ tó ń kọsẹ̀, tó ń fo ìró, ẹ wá yí i padà sínú títí ìró yẹn á fi dán, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Bí onílù ṣe ń fa ọṣán dùndún tí kì í fà á kọjá ohùn tó fẹ́ ló rí. Bó bá há jù, ẹ ó gbọ́ tó ń kérora, eré rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ bó ṣe ń gbóná, òróró tó ń jáde ní sáléńsà á dúdú bí ọ̀dà. Àwọn kan rò pé dúdú yẹn jẹ́ àmì agbára. Ẹ́ńjìnnì tó ń jìyà ni.

Ní ti ohun tó fún mi: abẹ̀bẹ̀ 9x5, tó fẹ̀ ní inṣi mẹ́sàn-án, ni mo ń lò lórí glow. Lórí dísẹ̀lì, 10x6 ló ń yí, ó sì ń fà á láìṣe wàhálà. Kì í yára bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà bàálù náà pẹ̀lú ipá tí mi ò rí lórí glow, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ta kò ó tí mo sì ń gbé e gòkè kọjá orí mi. Wáyà mi kì í dẹ̀. Àwọn tó ń fò bàálù olókùn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí wáyà tó bá dẹ̀ kò lè darí bàálù mọ́. Táńkì kan náà tó ń tán ní bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ń lọ kọjá mẹ́wàá, ìlàjì táńkì ni mo sì ń rọ báyìí, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ yí po fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ sí i, ó sì wúwo sí i létí, ìyẹn sì ń mú kí àwọn tó ń gbé nítòsí pápá wa rọjú díẹ̀. Àwọn tó ń lo rédíò á tún gbádùn ohun mìíràn: kò sí plọ́ọ̀gì tí yóò tutù bí ẹ bá dín eré kù, nítorí náà ó lè rìn jẹ́jẹ́ nílẹ̀ láìkú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ egungun ẹ́ńjìnnì. Àwọn dísẹ̀lì gidi bíi PAW ni wọ́n kọ́ nípọn fún ìlù yìí látilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì glow ò rí bẹ́ẹ̀. Bí epo ṣe ń gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ìlù líle ló ń bọ́ sórí ọ̀pá písítìn àti kíráǹkì. OS 25 LA mi ń fara dà á nítorí mi ò fi ìfúnpọ̀ jẹ ẹ́ níyà. Cox .049 ni mi ò ní gbà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ta orí fún un. Ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn, tí kò ju 0.8 cc lọ, ní oríkèé bọ́ọ̀lù tó so ọ̀pá mọ́ písítìn, oríkèé yẹn sì máa ń tú lórí glow pàápàá, ká má tíì sọ ti dísẹ̀lì. Bí ẹ bá fẹ́ dísẹ̀lì kékeré, ẹ ra èyí tí wọ́n bí ní dísẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń mì kó tó di pé ẹ gbé orí tuntun lé e, ẹ fi í sílẹ̀ lórí glow, bó bá nọ́ọ̀kì, orí náà ò ní gbà á là.

Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Ó wà, ó sì ń dì mọ́ aṣọ. Aṣọ pápá mi kì í wọlé. Òróró dúdú náà á gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ bàálù, ẹ gbọ́dọ̀ kun igi balsa dáadáa nítòsí ẹ́ńjìnnì kó má bàa mu ún. Síbẹ̀ ó ṣàánú ọ̀dà dope ju glow lọ. Methanol tó ń bó ọ̀dà àwọn bàálù àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀. Irin inú ẹ́ńjìnnì náà kì í tètè dípẹtà, torí methanol ló máa ń fa omi mọ́ra.

Ether kì í ṣe ohun eré. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná tó wà lọ́nà jíjìn. Inú agolo irin tó dé gbọnin-gbọnin ni mo ń tọ́jú tèmi sí, ní ibi tútù tí kò sí nínú ilé. Bí ìdérí bá ṣí díẹ̀, ether á ti fò lọ, èyí tó kù á sì ṣòro láti fi ṣáná. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń ronú láti gbé irú ẹ́ńjìnnì yìí lọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Nàìjíríà, nítorí kẹrosíìnì wà níbẹ̀. Ẹ lè gbé ẹ́ńjìnnì tí ẹ fọ̀ mọ́ tónítóní. Epo yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù yín, bàálù akérò kò gba ether lọ́nàkọnà. Ẹni tó wà nílé ni yóò ní láti rí ether rà níbẹ̀ lọ́nà tó tọ́.

Bí ẹ bá ti pinnu láti rà á, ẹ béèrè O-ring púpọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tèmi le lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òróró dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfóòfó ní ẹsẹ̀ skúrù. Tuntun ló tún un ṣe, iṣẹ́ kékeré sì ni. Ẹ ra rọ́bà epo onínìópírìnì pẹ̀lú, nítorí kẹrosíìnì máa ń mú kí rọ́bà sílíkóònù tí à ń lò fún glow wú, kó sì bọ́ lẹ́nu táńkì. Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ tó fi inṣi kan fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì pa orí glow àtijọ́ mọ́ pẹ̀lú skúrù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì náà lọ́la, ẹni tó ń rà á á béèrè rẹ̀.